Onílù Ń Ki Bàbá: Àgbéyẹ̀wò Ìdáríjì fún Òbí Tó Fìyà Jẹ Ọmọ

Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í dákẹ́ lọ́jọ́ ọjà. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ń pe oníbàárà, ọlọ́kadà ń tẹ fèrè, ọmọkùnrin tó ń gbé orin sínú fóònù fún àwọn èèyàn sì ti gbé gbohùngbohùn rẹ̀ síta, ó ń po orin ẹ̀mí pọ̀ mọ́ fújì àti jùjú. Ẹni tó bá dúró tì í díẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ òbí kì í jìnnà sí orin wa: ìyá tó pọ̀n ọmọ títí ẹ̀yìn fi bó, bàbá tó ta ilẹ̀ kí ọmọ lè kàwé. Orin wà fún ẹni tí ìyá rẹ̀ kú. Orin wà fún ẹni tó ń wá ọmọ. Ẹni tí bàbá rẹ̀ so mọ́ férémù ilẹ̀kùn tó sì nà títí ó fi dákú ńkọ́? Ẹni tí ìyá rẹ̀ fi ata sí lójú nítorí ẹja kan ṣoṣo? Òun náà ń na ọjà. Àárín orin ìyìn ìyá yẹn ló ti ń ra iyọ̀.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ṣọ̀wọ́n. Nínú ìwádìí tí àjọ ètò ìkànìyàn wa, UNICEF àti àjọ CDC ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà jọ ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2014, nǹkan bí ọmọ 6 nínú 10 ló ti fojú winá ìwà ipá kan tàbí òmíràn kí wọ́n tó pé ọdún 18, nǹkan bí ìdajì ló sì jẹ́ pé lílù ni wọ́n lù wọ́n. Àwọn tó rí ìrànlọ́wọ́ gbà kò tó 5 nínú 100. Òfin wa náà fẹsẹ̀ kan sílé, ó fẹsẹ̀ kan síta. Abala 295 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún gúúsù Nàìjíríà gba bàbá àti ìyá láàyè láti na ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, bí wọn ò bá ti dá ọgbẹ́ sí i lára. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, èyí tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ di tirẹ̀ ní 2006, ní kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa fi ìyà tàbí àbùkù kan ọmọdé. Láàárín òfin méjèèjì, ohun tí a sábà ń gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ẹ lọ yanjú ẹ̀ nílé. Ilé yẹn gan-an ni wọ́n ti na ọmọ ọ̀hún.

Àwọn àgbà ò fi ọ̀rọ̀ yìí sí ìhà kan. Wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wọ́n tún ní bí a bá fọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Wọ́n ní bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré. Àwọn náà ló ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń pa òwe. Bí ìjà bá wà láàárín òbí àti ọmọ, àgbà tí wọ́n máa ránṣẹ́ pè, ẹgbẹ́ bàbá ni. Òwe tó máa ń bọ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu kì í ṣe ti ẹni tó kó o.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ sí ilé àdúrà, ibẹ̀ náà sì ní tirẹ̀. Bí iṣẹ́ ò bá lọ, bí ọkọ ò bá wá, bí oyún bá ń bàjẹ́, ìbéèrè tí wòlíì máa kọ́kọ́ bi èèyàn ni pé, "Ṣé ìwọ àti bàbá rẹ rẹ́? Ṣé ìyá rẹ ò bínú sí ọ?" Ègún òbí ń bani lẹ́rù nílẹ̀ yìí ju ogun lọ. Nítorí náà ẹni tí wọ́n lù á mú ohun mímu, á mú owó, á lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó lù ú, á ní kó foríji òun. Mo ti gbọ́ irú ẹ̀rí yìí lórí pẹpẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, gbogbo ìjọ á sì hó yèè. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa: ọmọ ló tọrọ àforíjì. Bàbá kò sọ ohunkóhun ju "ó ti tán" lọ. Bóyá ó tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbèsè tí wọ́n fi ìbẹ̀rù san báyìí, n kò mọ bí a ṣe fẹ́ máa pè é ní ìdáríjì.

Ìdajì ìwé mímọ́ ni a ń kà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Orí kẹfà ìwé Éfésù tó ní kí ọmọ gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu, kò tíì kúrò lójú kan náà tó fi kọjú sí àwọn bàbá, tó ní kí wọ́n má mú ọmọ wọn bínú. Apá kejì yìí, bóyá lọ́jọ́ ìkómọjáde la máa ń gbọ́ ọ, nígbà tí ọmọ tó kàn kò tíì gbọ́ èdè. Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, ẹsẹ̀ 23 nínú Súrà Al-Isra ni gbogbo àáfà mọ̀, èyí tó ní kí ọmọ má ṣe ṣíọ̀ sí òbí rẹ̀ tó darúgbó. Súrà An-Nisa, ẹsẹ̀ 135, ní kí onígbàgbọ́ dúró ti òtítọ́ kódà bí ẹ̀rí rẹ̀ yóò bá ta ko òbí rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì wà nínú Kùránì kan náà. Ọ̀kan ló ń dé orí mínbárì.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí ìgbàgbọ́ àti orin ti pàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ Ọ̀yọ́, kó má wulẹ̀ lọ sí yàrá àdúrà. Òkú ni kó lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé bàbá kan kú lẹ́ni ọdún 82. Àìsùn wà lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìsìn ìsìnkú wà lówùúrọ̀ Ẹtì, lẹ́yìn náà ni jíjẹ mímu. Wọ́n tẹ ìwé ètò ìsìnkú sórí bébà tó ń dán, fọ́tò bàbá wà níwájú, ti ìdílé wà lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ìdágbére àwọn ọmọ sì wà láàárín. Ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ ìdágbére yẹn dáadáa. Ọmọ kan á kọ ọ́ pé bàbá kì í gba gbẹ̀rẹ́. Èkejì á ní bàbá kò fi ẹgba ṣeré. Ẹ̀kẹta, tó sá kúrò nílé lọ́mọ ọdún 13 tí kò padà wá fún ọdún gọbọi, á kọ gbólóhùn méjì péré: bàbá bí mi, sùn un re o. Òun yìí ló sì san owó màlúù. Òun ló san owó eléré. Nígbà tí wọ́n bá ní kí àwọn ọmọ olóògbé jó wọlé, á dé fìlà aṣọ ẹbí, á gbọ̀nwọ́, owó á máa lẹ̀ mọ́ iwájú orí olórin, àwọn àǹtí á sì máa sọ fún ara wọn lábẹ́ ìbòrí pé, "Ó ti dárí ji bàbá ẹ̀. Ọlọ́run tóbi."

Ṣé ó ti dárí jì í? Ìnáwó kò lè jẹ́rìí sí ohun tó wà nínú ẹni. Ó lè jẹ́ ìdáríjì. Ó lè jẹ́ ẹ̀rù ẹnu ayé. Ó lè jẹ́ ìdùnnú pé òkú kò lè di ẹgba mú mọ́, ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní gbà kí ó sọ jáde. N kò fi ijó náà ṣe yẹ̀yẹ́ o, nítorí nígbà míì ara máa ń mọ ọ̀nà tí ẹnu kò tíì mọ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé a ti fi ìnáwó kan ṣoṣo parí ohun tí kò sí ẹni tó tíì sọ pé ó ṣẹlẹ̀.

Níbi òkú yẹn, ẹnì kan wà tó yẹ ká fún ní àfiyèsí ju olórin lọ: onílù. Ọmọ Àyàn kì í wulẹ̀ wá lulù. Ó ti bi ẹnì kan léèrè oríkì ilé náà kí ó tó gbé ìyáàlù kọ́ èjìká. Bí ọmọ olóògbé bá ti yọ, á fún ọṣán lọ́wọ́ òsì, á fi kọ̀ǹgọ́ kan awọ, á máa pe ọmọ náà ní ọmọ bàbá rẹ̀. Ẹni tí bàbá fìyà jẹ kò lè sá fún ìlù yìí. Níbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́, níbi ìwúyè, dùndún á bá a níbẹ̀. Mo mọ àwọn tí ara wọn ń le bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ. Síbẹ̀ bí a bá tẹ́tí sí ohun tí oríkì orílẹ̀ ń wí, kò sí ibi tó ti sọ pé bàbá báyìí ṣe dáadáa. Orírun ló ń pè: ìlú tí wọ́n ti ṣí wá, ogun tí wọ́n jà, ohun tí ìdílé ń jẹ àti èyí tí kò gbọdọ̀ jẹ, àwọn obìnrin tó bí wọn. Ẹni tó fìyà jẹni wà nínú òǹkà náà, ẹyọ kan ni láàárín ọ̀pọ̀. Nítorí náà èèyàn lè gba oríkì láìfọwọ́ sí ìwà ẹni tó fún un ní orúkọ. Èyí kì í ṣe ìdáríjì, ṣùgbọ́n ó fún ọmọ ní ibi tó lè dúró sí kí ó tó ronú ìdáríjì. Bí onílù bá sì gbọ́n, á yí padà sí oríkì ilé ìyá.

Àṣà wa kò fún ọmọ láàyè láti dúró níwájú bàbá kó ní "o ṣẹ̀ mí". Orin ló fún un láàyè. Ọba kì í pọ̀kọrin. Ní Ọ̀yọ́, ní Ìsẹ́yìn, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ọkọ láyé àtijọ́ a máa sun ẹkún ìyàwó níwájú ìyá, bàbá àti gbogbo ẹbí. Ó ń dúpẹ́, ó ń tọrọ ìre, ó sì ní àyè láti dárò ohun tó ń dùn ún kí gbogbo ilé gbọ́, kí wọ́n sì dáhùn. Àwọn orogún ní orin owú tiwọn. Ìlú ní ọjọ́ ọdún tí wọ́n ń fi orin sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ lọ́jọ́ lásán. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ẹjọ́ tí a fi ohùn rò. Nígbà tí a fi orin ìdúpẹ́ nìkan rọ́pò wọn nínú ìjọ, a fi ohun tó dára gba ilé, ṣùgbọ́n a ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ní ẹjọ́ í rò.

Ìtàn tó ṣe kedere jù nílẹ̀ Yorùbá lórí bàbá, ìjọ, ẹgba àti orin ni ti ìdílé Ransome-Kuti ní Abẹ́òkúta. J. J. Ransome-Kuti, àlùfáà, ló kọ orin ìjọ ní èdè Yorùbá sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀n ní àwọn ọdún 1920. Ọmọ rẹ̀, I. O. Ransome-Kuti, jẹ́ àlùfáà àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Abẹ́òkúta Grammar School láti 1932, ẹgba rẹ̀ sì lókìkí débi tí Wọlé Ṣóyínká fi yà á sínú ìwé Aké ní 1981. Ọmọ tirẹ̀ ni Fela olórin, tí wọ́n bí ní 1938. Nínú ìwé tí Carlos Moore kọ nípa Fela, tó jáde ní 1982, Fela fẹnu ara rẹ̀ sọ bí bàbá àti ìyá ṣe ń na òun lánàbolójú. Kò fi bò rárá, kò sì sọ pé òun kórìíra wọn. Bàbá kú ní 1955, nígbà tí Fela kò tíì pé ọdún 17. Ní àárín àwọn ọdún 1970 ó ju Ransome nù, ó mú Aníkúlápó, ó kúrò nínú ẹ̀sìn tí bàbá àti bàbá bàbá rẹ̀ fi ayé wọn sìn. Orin nìkan ni kò jù nù nínú ogún náà. Nígbà tí àwọn sójà ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé ní Kalakuta, ilé Fela ní Èkó, ní oṣù kejì 1977, tí ìyá náà sì kú ní 1978, ó gbé pósí lọ sí Dodan Barracks, ibùjókòó ìjọba ológun, ó sì kọ ọ́ lórin fún gbogbo ayé. Ìyá kan náà tó nà án ló sunkún fún báyẹn.

Ṣé Fela dárí ji òbí rẹ̀? Kò fi ẹ̀sìn kankan pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ wa kì í ṣe: ó sọ ohun tí wọ́n ṣe, ó sì sọ pé òun fẹ́ràn wọn, ní ẹnu kan náà, láìfi ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Ibi tí n kò ti lè yìn ín ni pé òun náà kò fi pamọ́ pé òun a máa gbá àwọn ìyàwó òun létí. Orin tó lè tú ọba nídìí yìí kò dá ọwọ́ tirẹ̀ dúró. Àwọn tó ń sọ pé orin ń wo gbogbo ọgbẹ́ sàn, kí wọ́n ka ìwé Moore yẹn dé ìparí.

Ní Gúúsù Áfíríkà, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Desmond Tutu, tó jókòó ti ọ̀rọ̀ ìdáríjì fún odindi orílẹ̀-èdè, kọ ọ́ nínú ìwé tí òun àti ọmọ rẹ̀ Mpho jọ gbé jáde ní 2014 pé bàbá òun a máa mutí yó, a sì máa lu ìyá òun. Ó ní bí òun bá rántí rẹ̀, inú òun ṣì máa ń ru. Ó tún sọ nípa alẹ́ kan tí bàbá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ìrìn àjò ti mú un, ó ní ó di ọ̀la. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bàbá ti kú. Tutu kò mọ ohun tí bàbá fẹ́ sọ, títí òun náà fi lọ. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí kò ṣe mèremère.

Èyí tó ń ṣe mèremère ni ti Bart Millard, olórin ẹ̀mí ará Texas, tí wọ́n fi ṣe fíìmù I Can Only Imagine ní 2018. Arthur, bàbá rẹ̀, lù ú láti kékeré. Àìsàn jẹjẹrẹ mú bàbá, ó gba Jésù, ó yí padà pátápátá, ó kú ní 1991. Nígbà tó di 1999 ọmọ kọ orin tó gba ayé kan. Òótọ́ ni, ó sì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn yí padà kí ó tó kú. Ti Michael Jackson ò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta 2001 ó dúró ní Oxford, ó sunkún, ó ní òun fẹ́ dárí ji Joseph bàbá òun, ó ń wá oore kékeré tí bàbá ṣe nígbà èwe bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà nínú òkúta. Ọdún méjì lẹ́yìn náà Joseph sọ fún BBC pé òun kò lu Michael rí, pé pàṣán àti bẹ́líìtì lásán ni òun fi nà án. Ẹni tó bá dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ á mọ èsì yẹn dénú: n ò lù ú o, mo kàn bá a wí ni. Ti Marvin Gaye ló burú jù. Bàbá rẹ̀ jẹ́ oníwàásù tó ń na àwọn ọmọ rẹ̀. Olórin náà dàgbà, ó ra ilé fún àwọn òbí rẹ̀ ní Los Angeles, ó sì padà wá gbé pẹ̀lú wọn nígbà tí nǹkan dojú rú fún un. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1984 bàbá yìnbọn pa á nínú ilé náà, ìbọn tí ọmọ fúnra rẹ̀ fi ta á lọ́rẹ. Ẹ̀sìn wà níbẹ̀, orin wà níbẹ̀, ìpadàsílé wà níbẹ̀.

Àwọn tó fi sùúrù wádìí ọ̀rọ̀ ìdáríjì kò sọ ohun tó jìnnà sí èyí. Ní 1996, Suzanne Freedman àti Robert Enright, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Wisconsin, gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde lórí obìnrin 12 tí àwọn ìbátan wọn ti bá ṣèṣekúṣe nígbà èwe. Wọ́n bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jókòó, wọ́n jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bínú, kí wọ́n dárúkọ ohun tí wọ́n pàdánù. Ó gbà tó oṣù 14 ní ìpíndọ́gba kí wọ́n tó parí. Ìrẹ̀wẹ̀sì wọn dínkù, ìrètí wọn pọ̀ sí i. Ẹ wo oṣù 14 yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọjí alẹ́ kan. Enright tún fi ààlà sí i: ìdáríjì yàtọ̀ sí pípadà bá ara ẹni gbé. Judith Herman, dókítà ọpọlọ, ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Trauma and Recovery ní 1992 pé ìdáríjì tí èèyàn fi sáré fo ọ̀fọ̀ rẹ̀ kọjá máa ń dènà ìwòsàn ni. Mo gbà pẹ̀lú Enright àti Herman. Oríṣi ìdáríjì tiwa, tó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdọ̀bálẹ̀, orí ló fi ń rìn.

Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an ló ní irinṣẹ́ láti tún un ṣe. Bowen, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, gbé ìwàásù Onítẹ̀bọmi dé ìlú náà ní 1855. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù bẹ̀rẹ̀ ní 1898, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ń darí orin nínú ìjọ. Ẹni tó máa wàásù àti ẹni tó máa gbé orin jọ ń jẹun ní ọgbà kan. Ìwé Sáàmù wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ẹjọ́ àti ìráhùn sì kún inú rẹ̀. Sáàmù 88 bẹ̀rẹ̀ nínú ìrora, ó sì parí nínú òkùnkùn, kò sí ìdúpẹ́ kankan tí wọ́n fi dí i lẹ́nu. Sáàmù 27 kò fòyà láti dárúkọ bàbá àti ìyá tó kọ ọmọ sílẹ̀. Ta ló ń fi ìwọ̀nyí kọ orin? Akọrin tó bá lè fi dùndún gbé irú Sáàmù bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ó má sì yára dé ibi halelúyà, á ṣe é fún ẹnì kan lórí àga ẹ̀yìn ju ìpàdé ìtúsílẹ̀ mẹ́wàá lọ.

Gbogbo èyí kan ẹni tó ti kúrò nílé. Ọmọ tó ṣì wà lábẹ́ òrùlé ẹni tó ń lù ú, ọ̀rọ̀ ìdáríjì kò tíì kàn án, pásítọ̀ tàbí àáfà tó bá sì kọ́kọ́ bá a dé ibẹ̀ ti fi í sílẹ̀. Wẹ́fíà ló kàn, aládùúgbò tó lè gbà á sílé lóru yẹn ló kàn, àti ọlọ́pàá tí kò ní dá a padà. Ohun tí àwọn àgbàlagbà tó ti dárí jini sì máa ń gbàgbé ni pé a kì í jìnnà sí àṣà fífi ọmọ ránṣẹ́ sílé bàbá àgbà ní ọlidé, bàbá kan náà tó na àwọn fúnra wọn. Ẹni tó ti foríji bàbá rẹ̀ tọkàntọkàn lè fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù, kó ra aṣọ ọdún fún un, kó jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n jọ kọrin nínú ìwé orin kan. Lálẹ́, kó kó àwọn ọmọ rẹ̀ sínú mọ́tò, kí wọ́n jọ máa lọ sílé.